Mẹkáníìkì tó di aṣòfin: ṣé owó ló yí John Burns padà ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àwọn tó ti pẹ́ ní Woolwich, ní London níbí, á rántí àwọn fẹ́rì mẹ́ta àtijọ́ tó ń gbé wa sọdá odò Thames lọ́fẹ̀ẹ́, James Newman, Ernest Bevin àti John Burns, tí wọ́n kó kúrò ní 2018. Ó pẹ́ tí mo fi ń wọ John Burns lọ síbi iṣẹ́, mi ò bi ara mi rí pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá sọ fún mi pé mẹkáníìkì ni bàbá yẹn, pé ó tiẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Nàìjíríà rí kó tó di aṣòfin, kó tó wá di mínísítà, pé nígbà tí owó ńlá wọ ọwọ́ ẹ̀ ló kẹ̀yìn sáwọn òṣìṣẹ́ tó gbé e débẹ̀. Mo ní kó lọ sinmi jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn, ṣé òótọ́ ni? Àti pé tí mẹkáníìkì bá lè wọlé aṣòfin níbí láti ayé ọjọ́sí, kí ló ń dá bíríkìlà àti wẹ́dà tiwa dúró ní Abuja?

*

Ẹ lọ bẹ ọ̀rẹ́ yín, ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tó sọ ló jóòótọ́, àyàfi ìparí ẹ̀, ìparí yẹn gan-an la sì máa jọ fà.

John Burns, 1858 ni wọ́n bí i, ní gúúsù London níbí, lápá Lambeth. Fítà ni bàbá ẹ̀, ọmọ Scotland tó wá wá oúnjẹ òòjọ́ sí London, ìyá ẹ̀ sì bímọ títí, òun ló ṣe ìkẹrìndínlógún. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tó fi kúrò níléèwé, ó ń lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àbẹ́là ní Battersea, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjinía. Kó yé wa o, ẹnjinía tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti yunifásítì, ẹni tó ń fi fáìlì ha irin ni, tó ń tú ẹ́ńjìnnì, tó ń tò ó padà. Iṣẹ́ témi náà kọ́ ní Apapa nìyẹn, ara ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá yìí máa dùn mọ́ mi nìyẹn.

Ti Nàìjíríà: ní 1880 sí 1881 ló lọ ṣiṣẹ́ fún United African Company, ilé iṣẹ́ George Goldie, ní Akassa, lẹ́nu ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun, Ìpínlẹ̀ Bayelsa la mọ ibẹ̀ sí lónìí. Orúkọ Nàìjíríà gan-an ò tíì délẹ̀ nígbà yẹn. Epo pupa ni wọ́n ń kó, wọ́n ní àwọn ọkọ̀ oní-sítíìmù tó ń gòkè odò lọ rà á bọ̀, Burns ló sì jẹ́ fóòmàn àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe.

Ẹni tí ò bá wọ inú bọ́ílà rí ò lè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Lẹ́nu odò tí omi iyọ̀ àti ẹrẹ̀ ti pàdé, ìdọ̀tí inú omi yẹn máa ń gan mọ́ ara túùbù, á le bíi síméǹtì, tí wọn ò bá tètè ha á kúrò, iná á máa jó lásán, sítíìmù ò ní jáde dáadáa, tó bá yá túùbù á bẹ́. Ẹni tó máa ha á, ojú ihò kan báyìí tí èjìká ò fẹ́ gbà ló máa gbà wọlé, á dọ̀bálẹ̀ nínú òkùnkùn pẹ̀lú àtùpà àti òòlù kékeré, á máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, eruku ẹ̀ á máa wọ ọ̀fun. Ẹ wá fi oòrùn Akassa àti ẹ̀fọn lé e. Burns lo nǹkan bí ọdún kan níbẹ̀, ó kówó jọ, owó yẹn ló sì fi rin Yúróòpù ká fún oṣù mẹ́fà, kó lè fojú ara ẹ̀ rí bí ayé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn fún mi nínú gbogbo ohun tí mo sọ: fóòmàn. Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

*

Mo ti ka èsì yín. Ọ̀nà mẹ́ta lọ̀rọ̀ pín sí. Àwọn kan ní owó ló bà á jẹ́, pé ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo mọ́. Àwọn kan ní àwọn akọ̀wé àgbà inú ilé iṣẹ́ ìjọba ló fi dídùn ẹnu mú un. Ẹ̀yin tó kù ní agbéraga ni látilẹ̀, pé ẹni tó fẹ́ràn ohùn ara ẹ̀ tó yẹn ò ní pẹ́ já èèyàn kulẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe kó tó wọlé ná, torí bí ẹlòmíì ṣe ń sọ ọ́ bíi pé ṣe ló jókòó jẹ́jẹ́ tí wọ́n gbé ipò fún un. Ní November 1887 ó wà lára àwọn tó fẹ́ wọ Trafalgar Square tipátipá nígbà tí ọlọ́pàá ti ibẹ̀ pa, wọ́n mú un, ó ṣẹ̀wọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní August 1889 àwọn alábàárù tó ń já ẹrù lẹ́bùúté London daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn yẹn, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń dúró lẹ́nu géètì bíi tàwọn lébìrà tó ń dúró de iṣẹ́ lábẹ́ bíríìjì l'Ékòó, fóòmàn á yan ẹni tó wù ú, ìyókù á padà sílé pẹ̀lú ebi. Sísì kan, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà, fún wákàtí kan ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà, kọ́bọ̀ márùn-ún ni wọ́n ń san fún wọn tẹ́lẹ̀. Burns, Tom Mann àti Ben Tillett ló ṣáájú wọn. Fítà ni Burns o, kì í ṣe alábàárù, kò sí nǹkan tó kàn án níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń kó ogunlọ́gọ̀ wọn gba àárín ìlú kọjá, òun àti fìlà kóríko funfun tó wà lórí ẹ̀ níwájú, kí àwọn olówó lè rí i pé àwọn èèyàn yìí ò ya jàgídíjàgan. Owó tán lọ́wọ́ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ Ọsirélíà fi nǹkan bí £30,000 ránṣẹ́. Wọ́n gba sísì wọn.

Ní 1892 àwọn ará Battersea dìbò fún un, ó wọlé aṣòfin nínú ìdìbò kan náà pẹ̀lú Keir Hardie tó ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú. Ní December 1905 ó di mínísítà tó ń rí sí ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó tíì jókòó nínú káábínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ yìí ṣáájú ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ò ríṣẹ́ ṣe pọ̀ nígboro, wọ́n rò pé tiwọn ti dé. Ó kọ̀. Ó ní ìjọba kan ò lè máa ṣẹ̀dá iṣẹ́ torí kí wọ́n lè rí nǹkan pín fún èèyàn. Wọ́n ní oko kan ní Hollesley Bay tí wọ́n ń kó àwọn tí ò níṣẹ́ ní London lọ, kò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ní 1906 ilé iṣẹ́ ẹ̀ rán èèyàn lọ tú ìwé owó àwọn tó ń bójú tó aláìní ní Poplar wò, torí wọ́n ní wọ́n ń lawọ́ jù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó gba sísì fún alábàárù ló ń ka búrẹ́dì mọ́ tálákà lọ́wọ́. Inú á bí èèyàn, mo gbà.

*

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé owó ni.

Lóòótọ́, ó ti máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kò sí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ tó kí wọ́n san ju £500 fún un lọ́dún, ipò tó wá gbà sì jẹ́ £2,000. Wọ́n fi yẹ̀yẹ́ ẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ nígbà tó ti di mínísítà yẹn, ó ti ń sọ ọ́ nígbà tí kò ní kọ́bọ̀. Kì í mutí, kì í mu sìgá, ní 1904, ìyẹn ọdún kan kó tó gba ipò, ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbọọrọ lórí òṣìṣẹ́ àti ọtí, tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́bi pé ọtí ló ń jẹ owó wọn. Ta ló fún un lówó láti sọ ìyẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ẹ mọ irú èèyàn yìí. Ọ̀gá tó jìyà kọ́ṣẹ́, tó sùn sí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n fi sípánà gbá lórí, tó wá mọṣẹ́ débi pé tó bá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè á sọ ohun tó ń ṣe é. Lójú ẹ̀, ẹni tí ò bá rọ́wọ́ mú, ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ìkà, ó kàn gbà pé òun ti fi ara òun ṣe ẹ̀rí. Á bá yín jà fún owó iṣẹ́ tó yẹ yín tọkàntọkàn, torí ẹ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún un pé ẹ ò ríṣẹ́ ṣe, ẹ ẹ́ gbọ́ èébú. Fóòmàn Akassa ló wọ káábínẹ́ẹ̀tì. Àwọn alábàárù 1889 níṣẹ́ lọ́wọ́, owó ẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, ìyẹn yé e. Àwọn ti 1906 ò níṣẹ́, ìyẹn ò yé e.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn ará Battersea tó mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ń dìbò fún un lọ ni, títí tó fi fúnra ẹ̀ kúrò ní 1918. (Battersea yẹn náà ni John Archer ti di méyọ̀ ní 1913, aláwọ̀ dúdú tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ fọ́tò yíyà, àdúgbò tí wọn kì í fojú di oníṣẹ́ ọwọ́ ni.)

*

Ẹnìkan ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ yá jù, ta ló ń bọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí nígbà tí wọ́n wà nílé aṣòfin?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun ló sì pa ọ̀pọ̀ wọn lára. Títí di 1911, aṣòfin ilẹ̀ yìí ò gbowó oṣù. Kọ́bọ̀ kan. Àwọn tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ àti àwọn lọ́yà ló dá a sílẹ̀ fún ara wọn, wọ́n ní ọlá ni, kì í ṣe iṣẹ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ọmọ ẹ̀ á sùn lébi. Kí wọ́n tiẹ̀ tó dìbò gan-an, títí di 1918, àwọn olùdíje ló ń dá owó tí wọ́n fi ń ṣètò ìdìbò san.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé yúníọ̀nù ló ń bọ́ wọn. Thomas Burt tó wọlé ní 1874, àwọn awakùsà Northumberland ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń sanwó fún un. Burns náà, àwọn ará Battersea dá ẹgbẹ́ owó sílẹ̀, wọ́n ń tu díẹ̀díẹ̀ jọ fún un kó lè máa jẹun. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìtìjú tó wà níbẹ̀, kí aṣòfin máa retí kọ́bọ̀ tí aládùúgbò ẹ̀ yọ nínú owó ọ̀sẹ̀, kí aládùúgbò náà sì máa wo bàtà tó wọ̀ bóyá tuntun ni. Ìgbà tó di 1909, àwọn adájọ́ House of Lords ní yúníọ̀nù ò gbọdọ̀ fi owó ọmọ ẹgbẹ́ bọ́ aṣòfin mọ́, torí òṣìṣẹ́ rélúwèé kan tó ń jẹ́ Osborne gbé yúníọ̀nù tiẹ̀ lọ kóòtù. Ọ̀nà dí. Ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í san £400 lọ́dún fún gbogbo aṣòfin ní 1911.

Ẹni tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ àìlówó yìí ni Henry Broadhurst. Ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, mo mọ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé ni, láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ rìn káàkiri gúúsù England wá iṣẹ́ rí. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ òkúta níbi ilé ìṣọ́ aago Westminster, èyí tí gbogbo yín ń yàwòrán níwájú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbàlejò. Ní 1880 ó wọlé gẹ́gẹ́ bí aṣòfin Stoke, ó wá ń jókòó lábẹ́ ibi tó ti ru eruku. Ní 1884 òun àti Prince of Wales jọ wà nínú ìgbìmọ̀ kan lórí ilé gbígbé àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ ọba yìí ní kó wá kí òun ní Sandringham. Ó lọ. Kò ní aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ jẹun alẹ́ láàfin, wọ́n bá gbé oúnjẹ lọ bá a nínú yàrá ẹ̀. Òun náà ò yá aṣọ, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó jẹun ẹ̀ tán ó sùn. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó di igbákejì mínísítà.

Ẹ fojú inú wo aṣòfin tiwa kan tó máa lọ sáàfin pẹ̀lú súwẹ́tà. Agbádá ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán, kódà kí wọ́n tó ka èsì ìbò tán, télọ̀ ti gba owó ìṣáájú.

*

Ẹnìkan bú mi pé mo ń gbèjà òyìnbó. Ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n mú un délé.

Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, alága ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ irin díje fún kánsẹ́lọ̀. Gbogbo wa ló ti í lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan dáwó, àwọn wẹ́dà fi irin tó ṣẹ́kù ṣe férémù tí wọ́n fi gbé pósítà ẹ̀ kọ́, àwa ọmọṣẹ́ la lẹ̀ ẹ́ lóru pẹ̀lú gàrí tí a fi omi gbígbóná pò, torí gọ́ọ̀mù wọ́n. Ó wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bá àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù rìn, ó ń fi ọwọ́ júwe àwọn tó jẹ gbèsè fún wọn. Ó mọ gbogbo wa! Ó mọ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ méjì, ó mọ ẹni tó ń purọ́ pé ọjà ò tà. Ẹni tó wá láti ìta ò bá má mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn.

Gbogbo ẹgbẹ́ ní owó ti gùn ún. Èmi ò gbà, mo sì ti bá ọ̀gá mi jiyàn lórí ẹ̀ títí. Bí ọkùnrin yẹn ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọmọṣẹ́ tó bá fẹ́ gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ẹ̀, owó ẹ̀ máa ń ju ti gbogbo àdúgbò lọ, tí òbí ọmọ náà bá ní kó dín in kù, á ní ṣé wọ́n dín in kù fún òun nígbà tòun. Ọjọ́ Sunday, ọmọṣẹ́ ẹ̀ ló ń fọ mọ́tò ẹ̀. A rí gbogbo ẹ̀, a ní ṣebí oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiwa ni. Iṣẹ́ ẹ̀ la dìbò fún, ìwà ẹ̀ ló gbé lọ síbẹ̀.

Arákùnrin tó fèsì lẹ́yìn ìyẹn ní káfíńtà ni bàbá òun, pé ó ṣe kánsẹ́lọ̀ nígbà kan ó sì gbẹ́ kànga fún wọn, títí dòní wọ́n ń pọn omi níbẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ìbéèrè mi fún un ni pé báwo ni bàbá wọn ṣe ń ṣe sáwọn ọmọṣẹ́? Ó ní wọ́n ń jẹun pa pọ̀ nínú àwo kan. Ẹ ẹ́ rí i báyìí.

*

Àwọn tó ní “Lula ńkọ́?”, ìyẹn ọkùnrin tó padà di ààrẹ Brazil, ẹ ṣeun. Ojúlówó ni. Ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń gé irin yípo, ó pàdánù ìka kan sẹ́nu ẹ̀, ó di olórí yúníọ̀nù ní São Bernardo ní 1975, nígbà tó sì díje sílé aṣòfin ní 1986, kò sí ẹni tó ní ìbò tó tiẹ̀ ní gbogbo Brazil. Sáà kan péré ló lò níbẹ̀, kò padà lọ díje sí i mọ́. Ààrẹ ló wù ú ṣe. Ìyẹn tọ́rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, ẹ jẹ́ ká padà sí Battersea.

“Oshiomhole ńkọ́?” Òun náà. Ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kaduna ló ti bẹ̀rẹ̀, ó darí NLC, ó ṣe gómìnà Edo lọ́dún mẹ́jọ, ó di sẹnetọ̀ ní 2023. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò gba ṣọ́ọ̀bù dé Sẹ́nétì tààrà, ó ti ṣe gómìnà ná. Kò ní sọ pé òun ò rí owó ra fọ́ọ̀mù.

*

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ síbí pé “ẹni tó ń tún táyà ṣe, kí ló mọ̀ nípa òfin”, mo ti fẹ́ fi yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí nínú.

Burns kúrò níléèwé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìwé tó kó jọ lórí ìtàn London ṣoṣo, ilé ẹ̀ fẹ́ má gbà á. Òfin ilé kíkọ́ àti ètò ìlú ti 1909, òun ló gbé e gba inú ilé aṣòfin kọjá, òfin yẹn ló ní kí wọ́n má kọ́ ilé tó fẹ̀yìn ti ara wọn tí afẹ́fẹ́ ò ráyè gbà mọ́. Ó gbé inú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí. Ernest Bevin tí wọ́n fi sọ fẹ́rì kejì, kò ní bàbá tó mọ̀, ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó ń fi ẹṣin wa kẹ̀kẹ́ ẹrù ní Bristol. Òun náà ló ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè láti 1945 sí 1951, Woolwich East ló sì ń ṣojú fún nígbẹ̀yìn ayé ẹ̀. Àwọn tó jókòó kọjú sí i nídìí àpérò nígbà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ńlá ńlá ni wọ́n ti jáde, mi ò gbọ́ pé ẹnì kan rẹ́ ẹ jẹ.

Wẹ́dà mọ iye tí irin ń jẹ́. Ó mọ iye dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ ń mu nígbà tí iná ò sí. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ka báájẹ́ẹ̀tì l'Ábújá bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

*

Ẹni tó bèèrè ìbéèrè padà wá, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni Burns ṣe parí ẹ̀?”

Ní August 1914, nígbà tí ìjọba fẹ́ wọ ogun àgbáyé kìíní, òun àti John Morley, mínísítà ẹgbẹ́ ẹ̀, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó ní òun ò lọ́wọ́ sí ogun yẹn. Owó ọ̀hún tẹ́ ẹ ní ó rà á, ó gbé e jù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì gba ipò kankan mọ́ títí ayé ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wé “owó ló yí i padà” kẹ́ ẹ sọ bó ṣe bára mu fún mi. Ní 1919 Andrew Carnegie, olówó irin ará Scotland tó wà l'Amẹ́ríkà, fi £1,000 lọ́dọọdún sílẹ̀ fún un. Ó ń ra ìwé, ó ń rìn lẹ́bàá Thames. Ó kú ní January 1943, ó ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ.

Agbéraga ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ò jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ fítà tó mọṣẹ́ rí, ẹ bi ìyàwó mi.

*

Ó ku Abuja. Ọ̀pọ̀ yín ló ń sọ pé òfin Nàìjíríà ò gba oníṣẹ́ ọwọ́ láàyè, pé ó gbọ́dọ̀ ní digírì. Irọ́ gbuu ni. Ìwé òfin 1999, abala 65 fún Abuja àti 106 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba ló bèèrè. Ẹ wá ṣí abala 318 níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tó bá a dọ́gba, City and Guilds wà níbẹ̀ gbangba! Ẹni tó ní ìwé mẹ́fà nìkan náà ní ọ̀nà, tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá níbi tí INEC fọwọ́ sí, tó lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pé ọdún kan lápapọ̀, tó sì lè ka òyìnbó, kó kọ ọ́, kó sì sọ ọ́ kó yéèyàn. Láti 2018, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lè díje sílé aṣojú-ṣòfin, ti Sẹ́nétì ni márùndínlógójì.

Nítorí náà kì í ṣe ìwé. Fọ́ọ̀mù ni. Nígbà ìbò 2023, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù aṣojú-ṣòfin, ogún mílíọ̀nù ni ti sẹnetọ̀, méjì ni ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Fọ́ọ̀mù lásán o, ẹ ò tíì ra omi fún ẹnikẹ́ni. Níbí, £500 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ olùdíje, wọ́n sì ń dá a padà tó bá rí ìdá kan nínú ogún ìbò. Ayé Burns, wọ́n kọ̀ láti sanwó fún aṣòfin kí tálákà má bàa wọlé. Tiwa, ẹ̀yìn tó ti wọlé ló ń rówó. Ní 2018 Sẹnetọ̀ Shehu Sani fẹnu ara ẹ̀ sọ pé mílíọ̀nù mẹ́tàlá ààbọ̀ làwọn ń gbà lóṣù fún ìnáwó iṣẹ́, yàtọ̀ sí owó oṣù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi tálákà sí nígbà méjèèjì.

Arábìnrin tó ní àbúrò òun ọkùnrin tó jẹ́ bíríkìlà ní Òṣogbo fẹ́ díje sílé aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹ ní ìwé mẹ́fà ló ní, ó sì ṣe City and Guilds nígbà kan. Ẹ sọ fún un kó wá sátífíkéètì yẹn jáde kíákíá, tí eku bá ti jẹ ẹ́, kó kọ lẹ́tà béèrè ẹ̀dà míì nísinsìnyí, kó má dúró dìgbà ìbò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹjọ́ gba ìbò lọ́wọ́ èèyàn. Kí orúkọ tó wà lórí ẹ̀ bá tinú káàdì ìdìbò ẹ̀ mu, ẹyọ lẹ́tà kan gan-an ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Kó wọ páàtì kó sì ní káàdì ẹ̀, òfin ò gba olùdíje tí kò ní páàtì. Páàtì kéékèèké wà tí fọ́ọ̀mù wọn ò wọ́n tó ti àwọn ńlá yẹn, kó bi wọ́n léèrè kó tó ta ilẹ̀.

Èmi kò sí ní Òṣogbo, mi ò lè dìbò fún un. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọmọṣẹ́ ẹ̀ kan tó ti gba fúrídọ́ọ̀mù, kí n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.